Rudolf Diesel, Ọkùnrin tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Epo

Ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Mile 2 títí wọ Festac Town, ọ̀rọ̀ kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ bí ẹni mowó. Ọ̀rọ̀ náà ni dísẹ́ẹ̀lì. Òun ni epo tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí ń ti èbúté Apápá bọ̀ ń mu. Òun náà ni oúnjẹ àwọn ẹ̀rọ amúnáwá tí ń dún lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn nígbà tí iná bá lọ. Àwọn awakọ̀ mìíràn a máa pè é ní gáàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dárúkọ epo yìí lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Pé ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà jìyà ní kékeré, ó là ní àgbà, ó sì di àwátì lójú òkun ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 1913. Rudolf Diesel ni ọkùnrin náà. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà fún gbogbo ọmọ ilé ìwé tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe kúrò ní ti èédú tí ó di ti epo, tí ó sì tún wá di ti epo àti iná mànàmáná pọ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858 ni a bí Rudolf Diesel ní ìlú Páríìsì, olú ìlú ilẹ̀ Faransé. Ọmọ Jámánì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìlú Augsburg ni bàbá rẹ̀, Theodor, ti wá. Iṣẹ́ ìdìwé àti iṣẹ́ awọ ni Theodor ń ṣe, ilé wọn kì í sì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Láti kékeré ni Rudolf ti ń fi ọmọlanke kó ohun tí bàbá rẹ̀ bá rán lọ fún àwọn oníbàárà káàkiri ìgboro. Bí ó bá ráyè, ilé kan tí a kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ jọ sí ni ó máa ń lọ. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí ọmọ Faransé kan, Cugnot, ṣe ní nǹkan bí ọdún 1770, èyí tí ooru omi híhó ń tì síwájú. Rudolf a dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, a sì máa ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì ní ọdún 1870. Àwọn ará Páríìsì kò fẹ́ fi ojú kan ọmọ Jámánì mọ́. Theodor kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà sílẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ìyà kò jẹ́ kí wọ́n lè bọ́ gbogbo ọmọ. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi rán Rudolf lọ sí Augsburg, lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan, Christoph Barnickel, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìṣirò. Rudolf nìkan ni ó rin ìrìn àjò náà, ọmọ ọdún méjìlá, ní àkókò tí ogun ti da gbogbo ọkọ̀ ojú irin rú. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ní ilé tí yóò padà sí mọ́.

Ọlọ́run bá a ṣe é, Barnickel tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú ara rẹ̀, ó sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ni. Nígbà tí Rudolf di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni òun yóò ṣe láyé. Ní ọdún 1873 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun ni ó sì gba ipò kìíní. Ní ọdún 1875 a fún un ní owó ìrànlọ́wọ́ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Munich. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá, àìsàn ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a gúnlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe tiwọn, wọ́n lọ. Kò bọ́hùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1880 ó ṣe ìdánwò náà, ó sì yege lọ́nà tí ó gbayì púpọ̀.

Ní Munich, Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde, ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tutù, jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan Linde ń ṣàlàyé nípa ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi híhó, èyí tí ń fa gbogbo ọkọ̀ ojú irin ayé nígbà náà. Ó fi yé wọn pé bí a bá da 100 àpò èédú sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, agbára àpò 6 sí 10 péré ni ó ń di iṣẹ́. Agbára ìyókù a bá èéfín lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dun Diesel wọ eegun. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé òun yóò wádìí bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọjọ́ náà lọ, èrò yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, Linde gbà á síṣẹ́ ní Páríìsì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ yìnyín. Ní ọdún 1883 ó gbé Martha Flasche níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀sán ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́, òru ni ó fi ń ṣe ti ara rẹ̀. Ohun tí ó ń wá kò ṣòro láti lóye. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sí àyè tóóró ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Diesel rò ó pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa nínú sílíńdà, yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná, láìsí pulọ́ọ̀gì. Epo tí ó gbiná yóò ti písítìn, písítìn yóò sì yí ọ̀pá tí ń ṣe iṣẹ́. Ìrètí rẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò kéré, epo rẹ̀ kò ní wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké, àní irú bàbá rẹ̀, yóò sì lè rà á, kí àwọn olówó tí ó ní ẹ̀rọ ńláńlá má baà gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ní ọdún 1892 ó kọ̀wé sí ìjọba Jámánì láti fi èrò náà pa mọ́ lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ ní oṣù Kejì ọdún 1893. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Augsburg àti ilé iṣẹ́ Krupp gbà láti náwó sí i. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ga tó mítà mẹ́ta. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fín epo sí i, ó bú gbàù! Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn agbára inú rẹ̀ fọ́ yángá, díẹ̀ ni ó kù kí ó pa Diesel àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti ká ọwọ́ kúrò. Lójú Diesel, ìró náà jẹ́ ìròyìn ayọ̀, nítorí ó fi hàn pé epo gbiná láìsí ìṣáná. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1894, ẹ̀rọ náà dá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó tún fi tún un ṣe. Ní ọdún 1896, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí òkè, ẹnu iṣẹ́ yìí ni Diesel ṣì wà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter dán ẹ̀rọ náà wò níwájú àwọn àlejò. Ó rí i pé nínú agbára 100 tí ó wà nínú epo, ó lé ní 26 tí ó di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ooru mìíràn nígbà náà tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Òkìkí Diesel kàn. Láti Amẹ́ríkà, Adolphus Busch, ọlọ́tí ńlá, san mílíọ̀nù kan owó máàkì láti gba ẹ̀tọ́ àti ṣe ẹ̀rọ náà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń ti ọmọlanke ní Páríìsì di olówó, ó kọ́ ilé ńlá sí Munich. Ní ọdún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Páríìsì, ilé iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ Diesel kékeré kan wá tí ó ń mu òróró ẹ̀pà. Ó ṣiṣẹ́ geere tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé kì í ṣe epo inú ilẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìjọba Faransé ni ó béèrè fún ìdánwò yìí, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Ní ọdún 1912 Diesel fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí pé irú òróró bẹ́ẹ̀ lè di ohun pàtàkì lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ, nítorí pé lónìí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òróró igi àti ti èso ṣe epo ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kì í fún ni ní adùn láì fi ewúro sí i. Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a tà bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó rà wọ́n, wọ́n sì dá wọn padà. Àwọn mìíràn pe Diesel lẹ́jọ́, wọ́n ní òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ro èrò náà. Làálàá náà pọ̀ jù. Ní ọdún 1898 ara rẹ̀ kò le mọ́, ó sì lọ sinmi ní ilé ìtọ́jú. Owó tí ó fi ra ilẹ̀ àti èyí tí ó fi dókòòwò ṣègbé. Ní ọdún 1903 ó kọ ìwé kan lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe da owó pọ̀ láti ran ara wọn lọ́wọ́, ó sì ka ìwé náà sí ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó rà á.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí ó wù ú láti ṣe, èyíinì ni pé kí ẹ̀rọ rẹ̀ fa ọkọ̀ ojú irin. Òun àti Adolf Klose pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Sulzer ní ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n jọ dáwọ́ lé e. Ìṣòro ńlá kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi lè fa ẹrù wúwo láti orí ìdúró, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ Diesel kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti máa yí kí ó tó lè ní agbára. Nínú ọkọ̀ ojú títì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà náà kò sí jíà tí ó lágbára tó láti gbé ẹrù ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà Diesel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá agbára kejì. Wọ́n fi àgbá afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sínú ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ ti àwọn písítìn títí ọkọ̀ yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni epo yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé orí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí Diesel bá wọn ṣe, ọ̀nà agbára méjì ni ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọn tọ́ọ̀nù 95. Wọ́n dán an wò ní Switzerland ní ọdún 1912, ó sì lọ sí Jámánì ní ọdún 1913. Ṣùgbọ́n ó ń bàjẹ́ léraléra, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpàdé ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì jẹun alẹ́, wọ́n rìn káàkiri, wọ́n sì dágbére fún ara wọn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó ní kí wọ́n jí òun ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò bá a ní yàrá rẹ̀. Kò sùn sórí ibùsùn náà rárá. Fìlà àti ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ni a rí ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Holland kan rí òkú kan lójú omi. Eugen ọmọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé ti bàbá òun ni àwọn ohun tí wọ́n mú nínú àpò rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ó ṣubú ni, àwọn mìíràn sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni, àwọn mìíràn sì fura sí ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó rí i, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó hàn gbangba lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, láìjẹ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ mọ bí ó ti pọ̀ tó. Ẹni ọdún 55 ni.

Òkú rẹ̀ kò rí ilẹ̀ sùn sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn tí ó kù wo ìṣòro ọkọ̀ ojú irin náà láti ọ̀nà mìíràn. Tipẹ́tipẹ́, ní ọdún 1879, ni Werner von Siemens ti fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí iná mànàmáná ń fà han àwọn ará Berlin. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ní agbára gan-an láti orí ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè rìn níbi tí iná kò bá dé. Ẹ̀rọ Diesel lè gbé epo rẹ̀ dé ibikíbi, ṣùgbọ́n kò lè gbéra pẹ̀lú ẹrù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọ́n bá so àwọn méjèèjì pọ̀: ẹ̀rọ Diesel ń yí dínámò, dínámò ń mú iná wá, iná náà sì ń yí ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irú orí ọkọ̀ yìí ni ó lé ọkọ̀ elédùú kúrò lójú irin ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, tí ó fi dé Nàìjíríà, níbi tí èédú Enugu ti ń fa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ó ṣe, a rí àwọn tí ó tún lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú New York, a ti fi òfin de ọkọ̀ elédùú nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ó wọ àárín ìlú, lẹ́yìn ìgbà tí èéfín bo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì sì kọlu ara wọn ní ọdún 1902. Nítorí náà, láti ọdún 1956, wọ́n ṣe orí ọkọ̀ 60 tí ń jó epo ní ìgbèríko, tí yóò sì máa gba iná láti ara irin kẹta bí ó bá wọ abẹ́ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1962, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀ mìíràn fún gúúsù ilẹ̀ náà. Lórí irin oníná, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 1,600. Bí iná bá tán, ẹ̀rọ Diesel inú rẹ̀ ń fi agbára ẹṣin 600 fà á lọ sí ìdí iṣẹ́ àti èbúté tí irin oníná kò dé.

Ìtàn yìí kan Amúwo-Ọ̀dọ̀fin náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2, ó ń gba Alábà, Ọ̀rílé-Ìgànmú àti National Theatre kọjá títí dé Marina, kìlómítà 13. Irin kẹta oníná ni a tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, agbára dísẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wà á. Kí ọdún náà tó parí ni iná mànàmáná ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ epo, ìrìn ọkọ̀ náà lójúmọ́ sì pọ̀ sí i. Apá kejì ọ̀nà náà ni a ṣètò pé yóò gba ẹ̀gbẹ́ Festac Town kọjá lọ sí Okokomaiko. Lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 2021 pẹ̀lú, ẹ̀rọ Diesel àti dínámò ni wọ́n jọ ń fa àwọn èrò. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún Diesel ní Switzerland ti di ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a lè rí dì mú nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí. Èkíní ni ìfaradà: ogun, àìsàn àti ẹ̀rọ tí ó bú gbàù kò lè yí i padà kúrò nínú ohun tí ó dáwọ́ lé. Èkejì wúwo jù ú lọ. Diesel mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè gbé ẹrù ọkọ̀ ojú irin kúrò nílẹ̀, ó sì wá agbára kejì fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù gbèsè wọ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn, kò pe ẹnikẹ́ni láti bá a gbé e. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí èyí ti jẹ́ òtítọ́ fún irin, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọmọ ènìyàn.